Láti Bergen dé Kirkenes: Ohun Tí Orúkọ Ìlú Etíkun Àríwá Lè Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè

 

Ìyá mi ń ta ẹja gbígbẹ. Edé wà lórí àtẹ rẹ̀, ẹja àrọ̀ wà níbẹ̀, pánla náà sì wà níbẹ̀, èyí líle bí igi tí àwọn Ígbò ń pè ní okporoko. Inú àpò ìdọ̀họ ńlá ni wọ́n máa ń kó o sí wá, wọ́n á sì ti tẹ orúkọ ibi tó ti wá sára àpò náà: Norway. Kí n tó mọ ibi tí Kánò wà lórí àwòrán ilẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ yẹn. Lára irú àpò bẹ́ẹ̀ kan náà ni mo ti kọ́kọ́ rí lẹ́tà O kan tí igi gba inú rẹ̀ kọjá, báyìí: Ø. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ṣìkọ ni, tó wá fa igi pa á. Mo fi han ìyá mi, ó ní, "Ìwé tìrẹ ni kó o lọ kà, fi àpò ẹlẹ́ja sílẹ̀."

Mo gbọ́ràn, mo kàwé. Ọdún mẹ́rìnlá ti kọjá báyìí, mo ti wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, lẹ́tà yẹn náà ni mo sì tún padà lọ bá. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú yín lónìí dá lórí ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí àwọn ìlú kéékèèké àti erékùṣù tó wà ní ìpẹ̀kun àríwá Nọ́wè. Kí ẹ má bàa rò pé mo ti lówó, mi ò tíì dé ibẹ̀ rí o. Àwòrán ilẹ̀ àti ìwé àkókò ọkọ̀ ni mo fi rìn ín. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, NRK, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba Nọ́wè, gbé ìrìn àjò ọkọ̀ náà sáfẹ́fẹ́ láti Bergen dé Kirkenes fún wákàtí 134 láì dánu dúró. Mo rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lóru, nígbà tí dátà bá pọ̀ díẹ̀. Òkè, omi, ilé pupa, èbúté, àwọn èèyàn tó ń juwọ́ sí ọkọ̀. Ohun tí mo ń wò ní tèmi ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ilé èbúté.

Ọkọ̀ náà àti ojú ọ̀nà rẹ̀

Ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 1893, ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Richard With gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Vesteraalen kúrò ní Trondheim, ó dorí kọ Hammerfest. Òkùnkùn gígùn ìgbà òtútù àti àpáta abẹ́ omi ti ń ba àwọn atukọ̀ lẹ́rù tipẹ́ ní etíkun yẹn, iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà kò sì pọ̀. Ohun tí With àti Anders Holte, ẹni tó mọ ojú ọ̀nà omi náà dunjú, ṣe ni pé wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ibi tí wọ́n dorí ọkọ̀ kọ, bó ṣe yára tó, àkókò tó gbà kí wọ́n tó yà. Ìwé yẹn ni wọ́n ń fi rìn nínú òkùnkùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìwádìí inú pápá rí, ẹ rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni ìwé àkọsílẹ̀ ń gbà là.

Hurtigruten ni wọ́n sọ ìrìn náà. Ẹ jẹ́ ká tú u sí mọfíìmù: hurtig túmọ̀ sí "yíyára", rute túmọ̀ sí "ojú ọ̀nà", -n tó wà lẹ́yìn sì ni àfòmọ́ ìparí tó ń ṣe iṣẹ́ "náà". Ojú ọ̀nà yíyára náà. Lónìí, èbúté 34 ni ọkọ̀ máa ń yà láàrin Bergen àti Kirkenes, àlọ àti àbọ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 12. Láti ọdún 2021, ilé iṣẹ́ méjì ló ń pín in ṣe. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹrù pẹ̀lú ń wọ̀ ọ́, ará abúlé tó fẹ́ lọ kí ẹbí rẹ̀ ní èbúté kejì náà ń wọ̀ ọ́. Èbúté mìíràn wà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ọkọ̀ á lò níbẹ̀, láàrin òru, tí á tún ṣí.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá kọjá ìlà Arctic Circle, oòrùn kì í wọ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kì í sì í yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù. Síbẹ̀ òkun ibẹ̀ kì í dì, nítorí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ń ṣàn bọ̀ láti ìhà gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì. Ẹni tí Kirkenes kò bá jìnnà tó lójú rẹ̀ tún lè lọ sí àwọn erékùṣù Svalbard, tó jìnnà sí àríwá ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Nítorí àdéhùn tí wọ́n buwọ́ lù ní Paris ní ọdún 1920, Svalbard kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà lọ́wọ́ wa. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ìgbà tí mo wá rí i pé ilẹ̀ Nọ́wè fúnra rẹ̀ lèèyàn máa ń gbà kọjá kó tó débẹ̀, tí ìyẹn sì ń béèrè físà, mo padà sídìí àwòrán ilẹ̀ mi.

Ta ni orí, ta ni ẹ̀yán?

Gbogbo wa la ti kọ́ ọ nínú sínńtáàsì pé àpólà orúkọ ní orí, ó sì lè ní ẹ̀yán. Nínú Yorùbá, orí ló ń ṣáájú. A ní Etí-Ọ̀sà: etí ni orí, ọ̀sà ló ń ṣàlàyé irú etí tó jẹ́. A ní Òkè-Ìgbò, a ní Ìdí-Àràbà. Ẹ yí i padà, kò ní dún bí orúkọ ìlú mọ́.

Ní etíkun Nọ́wè, òdìkejì ni. Ẹ di ọ̀rọ̀ mélòó kan mú, ẹ ó sì lè ka ìdajì orúkọ tó wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ náà. Øy, tí wọ́n tún ń kọ ní ø, ni erékùṣù. Nes ni ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọ wọ inú omi. Vik àti våg ni ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. Sund ni omi tóóró tó wà láàrin ilẹ̀ méjì. Havn tàbí hamn ni èbúté. Fjord ni apá òkun gígùn tó wọ àárín òkè lọ. Ìparí orúkọ ni ìwọ̀nyí máa ń wà, nítorí orí ni wọ́n, orí ló sì ń gbẹ̀yìn níbẹ̀.

Ẹ wo Havøysund. Hav ni òkun, øy ni erékùṣù, sund ni omi tóóró. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ̀yìn la ó ti bẹ̀rẹ̀: omi tóóró erékùṣù òkun. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà, ètò wọn ló dorí kodò.

Kirkenes tún dùn mọ́ mi jù. Kirke ni ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan sórí ṣóńṣó ilẹ̀ náà ní ọdún 1862, ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Àwọn Sámi, tí wọ́n ti ń gbé àríwá yẹn láti ìgbà láéláé, ń pe ibẹ̀ ní Girkonjárga: girku ni ṣọ́ọ̀ṣì lédè wọn, njárga ni ṣóńṣó ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, ṣùgbọ́n orí orúkọ náà jẹ́ ti Sámi pọ́nńbélé.

Èyí tó dára jù lọ fún àpẹẹrẹ nínú kíláàsì ni Vadsø, èbúté tó kù díẹ̀ kí a dé Kirkenes. Ní èdè Nọ́wè, orúkọ náà ti ìgbà àtijọ́ wá, "erékùṣù omi" ló túmọ̀ sí. Ní Sámi Àríwá, wọ́n ń pè é ní Čáhcesuolu: čáhci ni omi, suolu ni erékùṣù. Àwọn Kven, tí àwọn baba ńlá wọn wá láti ìhà Fínlándì àti àríwá Swídìn, ń pè é ní Vesisaari: vesi ni omi, saari ni erékùṣù. Èdè mẹ́ta, orúkọ mẹ́ta, ìtumọ̀ kan. Èdè Nọ́wè kò sì bá Sámi àti Kven tan: ọmọ ẹbí Indo-European ni, àwọn méjì yòókù jẹ́ ọmọ ẹbí Uralic. Ẹni tó bá dúró sí èbúté Vadsø, ẹbí èdè méjì ló ń fi orúkọ kan náà kí i.

Tromsø àbí Romsa?

Ìlú tó tóbi jù ní àríwá yẹn ni Tromsø, orí erékùṣù ló wà. Ẹ gbìyànjú kí ẹ pè é bí ìyá mi ṣe máa pè é. Yóò di nǹkan bíi Tírọ́mùsọ̀. Kí ló dé? Yorùbá kò fàyè gba ìṣùpọ̀ kọ́nsónáǹtì, nítorí náà a máa ń fi fáwẹ̀lì bọ àárín wọn, bí a ti ṣe sí búrẹ́dì àti bíríkì.

Sámi náà kò fẹ́ ìṣùpọ̀ kọ́nsónáǹtì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fi fáwẹ̀lì bọ̀ ọ́. Ńṣe ni wọ́n pa kọ́nsónáǹtì àkọ́kọ́ jẹ: orúkọ Tromsø ní Sámi Àríwá ni Romsa. Ohun kan náà ni àwọn ará Fínlándì ṣe sí Stockholm tó fi di Tukholma lẹ́nu wọn. Àìsàn kan, oògùn méjì. Bí olùkọ́ wa nínú fonọ́lọ́jì bá tún bi yín pé kí ni ìyàtọ̀ láàrin òfin tó de ìró àti ọ̀nà tí èdè ń gbà tún un ṣe, ẹ fi Tírọ́mùsọ̀ àti Romsa dá a lóhùn.

Ohun mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Sámi yá láìpẹ́ kì í pa kọ́nsónáǹtì jẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn fún ilé ẹ̀kọ́ ni skuvla, ó wọlé tòun ti ìṣùpọ̀ rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí orúkọ Tromsø ti wà lẹ́nu àwọn Sámi, ó pẹ́ ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ rántí skuvla yìí, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìlú tó ń jẹ́ lẹ́tà kan

Ní erékùṣù Lofoten, ọkọ̀ náà máa ń yà ní Stamsund àti Svolvær. Bí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ tó sì fi mọ́tò lọ títí dé òpin ọ̀nà, yóò dé abúlé kan tó ń jẹ́ Å. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà kan péré. Odò kékeré ló túmọ̀ sí. Àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn orúkọ náà débi pé wọ́n ti jí pátákó rẹ̀ gbé lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu pé lẹ́tà kan lè dá ọ̀rọ̀ jẹ́. Àwa tí a ń sọ pé ó lọ, tí a ń sọ pé mo rí i!

Ṣùgbọ́n ẹ padà wo orúkọ ọkọ̀ Richard With: Vesteraalen, pẹ̀lú a méjì. Ní ọdún 1917 ni àkọtọ́ ìjọba Nọ́wè fi å rọ́pò aa. Àwa náà mọ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀: aiye di ayé, ẹiyẹ di ẹyẹ, ìwé àtijọ́ ṣì wà nílé bàbá wa tó ń jẹ́rìí sí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n yan å, wọ́n ń kọ ọ́. Lórí àtẹ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà wọn ló wà, lórí pátákó ojú títì, lórí ìwé ẹ̀rí ọmọ ilé ìwé, lórí àpò ẹja. Sámi Àríwá náà ní lẹ́tà tirẹ̀, č, đ, ŋ, š, ŧ, ž, láti inú àkọtọ́ kan tí àwọn Sámi Nọ́wè, Swídìn àti Fínlándì jọ ń lò láti ọdún 1979. Èdè tí àwọn tó ń sọ ọ́ jẹ́ nǹkan bí 20,000 ni o. Ẹ fi iye yẹn wé tiwa, kí ẹ wá wo bí a ṣe ń kọ orúkọ ara wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwé orúkọ kíláàsì tiwa gan-an, ọ tèmi kò ní àmì lábẹ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

Wọ́n ní ohùn, wọn kò fi àmì sí i

Ọ̀rẹ́ mi kan tó fẹ́ràn àríyànjiyàn máa sọ pé: "Ṣé àwọn ará Nọ́wè náà kò ní ohùn ni? Ṣé wọ́n ń fi àmì sí i?" Òótọ́ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Nọ́wè, bønder, tó túmọ̀ sí àwọn àgbẹ̀, àti bønner, tó túmọ̀ sí ẹ̀wà tàbí àdúrà, ìró kan náà ni wọ́n ní, ohùn ló yà wọ́n. Ní àwọn apá kan ní Troms àti Finnmark, níbi tí èdè Nọ́wè ti fara kan Sámi àti Kven gan-an, ìyàtọ̀ ohùn yìí kò sí rárá. Àwọn ará ibẹ̀ sì ń gbọ́ ara wọn àti àwọn ará gúúsù yé.

Ìdáhùn mi nìyí. Ohùn méjì péré ló ń takora níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sì ń gbé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Ohùn mẹ́ta la ní, gbogbo sílébù ló sì ń gbé tirẹ̀. Ẹ mú igba, igbá, ìgbà àti ìgbá, ẹ yọ àmì wọn kúrò, kí ẹ wá sọ fún mi èyí tí mo ní lọ́kàn. Iṣẹ́ tí ohùn ń ṣe nínú èdè méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà gbèsè tí àkọtọ́ jẹ ohùn kò lè dọ́gba. Bí ìyá kan bá bí ọmọ méjì, tí ọ̀kan ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé, a kì í pín ẹran fún wọn bákan náà.

Ibì kan wà tí a ti lè kọ́ ọgbọ́n lára wọn. Èdè Nọ́wè kò ní ẹ̀ka-èdè kan tí ìjọba sọ pé òun nìkan ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ máa sọ. "Èmi" jẹ́ eg ní Bergen, ó jẹ́ æ ní Trondheim àti Tromsø, nínú ìwé ó sì sábà máa ń jẹ́ jeg. Ará Tromsø á dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, á ní æ, kò sẹ́ni tó máa fi í rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú wa ló lè dìde níwájú kíláàsì kó sọ ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ láì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀?

Skuvla

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n sọ ọ́ bíi pé Nọ́wè ò ṣe burúkú rí. Láti ìdajì kejì ọ̀rúndún 19 ni ìjọba ti dáwọ́ lé ohun tí wọ́n pè ní fornorsking, ìyẹn sísọ àwọn Sámi àti Kven di ará Nọ́wè tipátipá. Ní ọdún 1898, òfin ilé ẹ̀kọ́ fún èdè Sámi àti Kven mọ́ igun. Ní ọdún 1902, òfin ní ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ ìjọba ní Finnmark gbọ́dọ̀ lè sọ èdè Nọ́wè, kó lè kà á, kó sì lè kọ ọ́, kó sì máa lò ó. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀, jìnnà sílé, kí èdè ìyá má bàa tẹ̀ lé e débẹ̀. Ní etíkun gan-an, lójú ọ̀nà ọkọ̀ tí a ń sọ yìí, ni èdè Sámi ti pa rẹ́ jù. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń sá kúrò ní ọdún 1944, wọ́n dáná sun Finnmark àti àríwá Troms. Ní Hammerfest, ilé ìsìn kékeré ìtẹ́ òkú nìkan ló ṣẹ́ kù. Ilé tuntun tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn ogun jọra wọn, ẹni tó bá ń wò ó láti orí ọkọ̀ kò ní mọ ilé Sámi yàtọ̀ sí ti Nọ́wè.

Àwọn èèyàn náà kò sùn. Ní ọdún 1979, àwọn Sámi kan fi ebi panú níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Oslo nítorí ìsédò Alta. Ìsédò náà wáyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sámi kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1989, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti Sámi ṣí ní Karasjok. Ẹ gbọ́ o: ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, Ole Henrik Magga, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni. Nígbà tí àwọn ẹbí yín bá tún bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀kọ́ èdè ṣe, ẹ ti ní èsì. Ní ọdún 1992, òfin tó fún Sámi ní ipò ìjọba ní àwọn ìpínlẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́; ní 1997, Ọba Harald tọrọ àforíjì; ní 2005, wọ́n gbà pé èdè ni Kven; ní oṣù kọkànlá 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Nọ́wè náà tọrọ àforíjì. Síbẹ̀, wọ́n ti yìnbọn lu pátákó tí a kọ orúkọ Sámi sí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Orúkọ lásán, lára irin, ní ẹ̀gbẹ́ títì.

Nígbà tí mo ka ìtàn ilé ẹ̀kọ́ yẹn, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ, ẹni tó bá sọ èdè ilé wọn á gbé pátákó kọ́rùn títí agogo á fi lù. Mo gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìkẹta, mi ò sọ ọ́ mọ́, kódà nílé. Ìlàjẹ ni wá. Ìyá ìyá mi máa ń wá láti etí omi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa, á bá mi sọ Ìlàjẹ, èmi á dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Òyìnbó mi." Mo rò pé oríyìn ni.

Ní ìpele 300, wọ́n ní kí oníkálukú lo àkójọ ọ̀rọ̀ irinwó ti Ìbàdàn láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀. Ìyá àgbà ti kú ní ọdún méjì ṣáájú. Ìyá mi ni mo jókòó sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀, bí àlejò tó ti òkèèrè wá. Ó mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ irinwó náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àti orúkọ ìjì tó ń jà létí òkun, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ló mọ ìyẹn."

Ohun kan wà tí mo mọ̀ nípa Lofoten tí mi ò tíì sọ fún un. Láàrin oṣù kìíní àti oṣù kẹrin, ẹja cod máa ń wá yé ẹyin sí ìtòsí erékùṣù náà. Wọ́n á pa á, wọ́n á so ó kọ́ sórí igi láìfi iyọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tútù á gbẹ ẹ́. Wọ́n á so orí rẹ̀ pẹ̀lú kọ́, Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orí yẹn ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so ó, àwọn ọmọdé ibẹ̀ á ti gé ahọ́n rẹ̀ tà. Iṣẹ́ ìbílẹ̀ wọn ni, owó ọwọ́ ọmọ ni. Orí dé ọ̀dọ̀ wa, ahọ́n kù lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n ni mo ti máa ń wo ẹnu orí pánla lórí àtẹ ìyá mi.

Àkàndá ọ̀rọ̀ omi àti ẹja pípa ní Ìlàjẹ ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi báyìí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tó ṣì ń gbé etí omi, ló ń kọ́ mi. Tí mo bá ṣi ohùn pè, á ní kí n tún un pè. Ojú máa ń tì mí, mo sì ń tún un pè.

Ìdánrawò

1. Àwọn èbúté mìíràn lójú ọ̀nà ọkọ̀ náà ni Rørvik, Finnsnes, Risøyhamn, Honningsvåg àti Båtsfjord. Tọ́ka sí orí orúkọ kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ irú ibi tí o rò pé ìlú náà wà.

2. Kọ orúkọ àdúgbò márùn-ún ní ìlú rẹ pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Nínú èwo ni orí ti ṣáájú ẹ̀yán? Èwo ló jẹ́ odidi gbólóhùn, bí Ayétòrò?

3. Pe àgbàlagbà kan nílé yín lọ́sẹ̀ yìí. Béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tó ṣe nígbà èwe rẹ̀, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kọ ọjọ́ sí i. Ìbéèrè kẹta yìí kò ní máàkì. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.